Bíríkì Tó Ń Wọ Inú Ara Wọn Nínú Kọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Ẹ ń fi ètò kọ̀ǹpútà kọ́ àwòṣe LEGO, ẹ gbé bíríkì kan lọ síbi tó yẹ kó jókòó sí. Àyè wà níbẹ̀ lójú, àmọ́ kò gbà. Nínú Studio, ọ̀kan nínú àwọn ètò náà, ara bíríkì náà á mọ́ gaara bíi gíláàsì, ẹ ó sì tẹ máòsì títí. Nínú àwọn ètò mìíràn, á jókòó láìjanpata, ìgbà tí ẹ bá ń to ìwé ìkọ́lé rẹ̀ ni ẹ ó tó rí i pé apá kan rẹ̀ ti wọ inú bíríkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á pa Collision, ìyẹn àyẹ̀wò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀yà wọ inú ara wọn, wọ́n á ti bíríkì náà wọlé, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ẹ má ṣe é. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni, nítorí ohun tí kọ̀ǹpútà fẹ́ sọ fún yín kò tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ ó tò ó mọ́ abẹ́ àádọ́ta bíríkì mìíràn, ọwọ́ yín ló máa padà bá a pàdé nígbà tí ẹ bá ra bíríkì gidi.

Ìbéèrè kan ló máa ń là á: báwo ni wọ́n ṣe wọ inú ara wọn tó? Ìwọ̀n tí ẹ̀yà kan fi wọ inú èkejì máa ń tọ́ka sí ohun tó fà á. Lórí èyí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé dúró lé.

Àwọn ìwọ̀n tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ lórí

LDraw, ètò kíkọ́ bíríkì lórí kọ̀ǹpútà tí James Jessiman gbé jáde lọ́dún 1995, ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí à ń lò báyìí. Studio, LeoCAD àti LDCad ló ń lo àkójọ ẹ̀yà rẹ̀. LDU ni ìwọ̀n rẹ̀, LDU kan sì jẹ́ mìlímítà 0.4. Àwọn wọ̀nyí ni ẹ ó máa lò jù:

- Ìbú bíríkì oníkókó kan (kókó ni ohun róbótó tó yọ sókè lórí bíríkì): LDU 20, ìyẹn mìlímítà 8.
- Gíga bíríkì láìka kókó orí rẹ̀: LDU 24, ìyẹn mìlímítà 9.6.
- Gíga ẹ̀yà pẹlẹbẹ, èyí tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta bíríkì: LDU 8, ìyẹn mìlímítà 3.2.
- Kókó orí bíríkì: ìbú rẹ̀ LDU 12, gíga rẹ̀ LDU 4.
- Ògiri fẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró lára bracket, ẹ̀yà tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L: LDU 4, ìdajì pẹlẹbẹ.

Ó dáa. Bí ohun tó wọ inú ara wọn kò bá tó LDU 1, nọ́ńbà ló yẹ̀, ìrònú yín kọ́ ló ní àṣìṣe. Bó bá jẹ́ 4 géérégé, kókó kan ló fara pamọ́ síbì kan tàbí ẹ ti gbàgbé ògiri bracket. Bó bá jẹ́ 8, ẹ ka pẹlẹbẹ kan lé tàbí ẹ ka ọ̀kan dín. Bó bá jẹ́ 10, ìdajì ìbú bíríkì oníkókó kan ni. Ẹ wo ibi tí ẹ ti lo pẹlẹbẹ tí kókó rẹ̀ wà láàárín tàbí ẹ̀yà Technic, ìyẹn àwọn ẹ̀yà LEGO oníhò. Bí ẹ̀yà náà bá wọ inú èkejì tán pátápátá, ẹ̀dà méjì lẹ tò lé ara wọn. Bó bá wá jẹ́ nọ́ńbà tí kò bá ìkankan mu, bíi 3.7 tàbí 6.15, ohun kan wà tó dúró ní igun, híńjì ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń kọ lu ẹni

Ẹ̀yà tí ẹ gbé lọ́wọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ fi gbogbo ohun tó yí ibẹ̀ ká pamọ́ lójú, kó ku ẹ̀yà náà àti àwọn tó fara kàn án nìkan. Kẹ́ ẹ wá máa fi àwọn náà pamọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá fi pamọ́ tí ohun gbogbo sì wá gbà, òun lẹ ń wá. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ètò kan ṣì máa ń ka ẹ̀yà tí a fi pamọ́ mọ́ ohun tó wà nílẹ̀. Bí tiyín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gé ẹ̀yà náà kúrò fúngbà díẹ̀, kí ẹ sì dá a padà.

Láti mọ iye tí wọ́n fi wọ ara wọn, ẹ mú gírìdì, ìyẹn ìwọ̀n ìgbésẹ̀ tí ẹ̀yà fi ń sún, wá sí èyí tó kéré jù, kí ẹ fi àmì ọfà orí kíbọ́ọ̀dù sún ẹ̀yà náà kúrò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí tí ìkọlù á fi tán. Ẹ ka ìgbésẹ̀ náà. Bí ètò yín bá ń fi ipò ẹ̀yà hàn ní nọ́ńbà, ó tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ yọ nọ́ńbà kan nínú èkejì, ó parí.

Ẹ̀dà tó jókòó lórí ẹ̀dà

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀yà kan, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ rò pé kò lẹ̀, ẹ tún lẹ̀ ẹ́. Méjèèjì wà lójú kan náà, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ tẹ ẹ̀yà náà, kí ẹ pa á rẹ́: bó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ ti rí ìkejì rẹ̀. Ẹ tún lè wo iye ẹ̀yà tí ètò náà kà. Bí ògiri tí ẹ mọ̀ pé bíríkì 40 ló ní bá ń fi 41 hàn, ẹ wá ọ̀kan náà jáde kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, nítorí iye yìí kan náà lẹ máa fi ra ọjà.

Nọ́ńbà tó yẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti gùn, nítorí òun ló máa ń da àwọn tó ti mọ iṣẹ́ dáadáa láàmú. Ohun gbogbo dára lójú. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ yí i wò, kò sí àlàfo, kò sí ìkọlù tí ojú lè rí, síbẹ̀ ètò náà kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ gbé àwòṣe náà jáde ní fáìlì LDraw, kí ẹ fi orúkọ mìíràn pa á mọ́, kí ẹ sì fi ètò ìkọ̀wé lásán ṣí i. Irú ìlà báyìí lẹ máa bá nínú rẹ̀:

1 4 0 -24 0 1 0 0 0 1 0 0 0 1 3001.dat
1 4 79.62 -24 0 1 0 0 0 1 0 0 0 1 3001.dat

Ó jọ ìjìnlẹ̀, kò sì jẹ́ nǹkan kan. 1 tó ṣíwájú sọ pé ẹ̀yà ni ìlà náà ń ṣàpèjúwe. 4 ni àwọ̀, ìyẹn pupa. Nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni ipò rẹ̀ lórí X, Y àti Z. Mẹ́sàn-án tó kù sọ bó ṣe kọjú sí. Èyí tó kẹ́yìn ni orúkọ ẹ̀yà, 3001 sì ni bíríkì oníkókó 2 sí 4. Nínú LDraw, bí nǹkan bá ṣe ń gòkè ni Y ń dín kù, ìdí nìyí tí bíríkì tó jókòó sílẹ̀ fi wà ní -24, tí èyí tó gun orí rẹ̀ á sì wà ní -48.

Ẹ wá wo X. Bíríkì onígùn kókó 4 gùn tó LDU 80. Bí ti àkọ́kọ́ bá wà ní 0, èyí tó tò mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní 80. Ó wà ní 79.62. Ó ti wọ inú ẹnìkejì rẹ̀ ní LDU 0.38, ìyẹn mìlímítà 0.152. Ojú kò ní rí i láéláé, àmọ́ ètò tó ń ṣírò rí i. Ẹ kọ 80 síbẹ̀, ẹ pa á mọ́, ẹ tún un ṣí.

Nọ́ńbà mẹ́sàn-án yẹn náà máa ń yẹ̀. Bíríkì tí a kò yí rárá máa ń ní 1 àti 0 nìkan. Èyí tí a yí ní dígírì 90 máa ń ní 0, 1 àti -1. Bí ẹ bá rí 0.0087 níbi tó yẹ kí 0 wà, tí 0.99996 sì wà níbi tó yẹ kí 1 wà, ìdajì dígírì kan lẹ̀yà náà fi yà bàrá. Ìdajì dígírì kéré, àmọ́ ní ìparí bíríkì 2 sí 4, tó jìnnà sí àárín rẹ̀ ní LDU 40, ó ti di bí 0.35. Bí ẹ bá ní ògiri gígùn lórí rẹ̀, ẹ fojú inú wo ohun tó máa dà ní òpin kejì. Ẹ má ṣe tún ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án náà ṣe kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀, nítorí ẹ̀yà náà á wọ́. Gbogbo wọn lẹ máa tún kọ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ẹ má dá wọn lóhùn rárá: ẹ pa ẹ̀yà náà rẹ́, ẹ mú tuntun nínú àkójọ, kí ẹ tan Snap, kí ẹ sì jẹ́ kó fúnra rẹ̀ so mọ́ kókó tó wà nítòsí. Ọ̀nà kejì yìí lèmi máa ń kọ́kọ́ gbà. Ìgbà tí ẹ̀yà bá pọ̀ tó kọjá èyí tí èèyàn lè fi ọwọ́ pààrọ̀ ni mo máa ń ṣí fáìlì.

Ibo ni yíyẹ̀ náà ti ń wá? Níbi híńjì tí a fi ọwọ́ fà dípò kí a kọ iye dígírì rẹ̀, níbi ẹ̀yà tí a sún nígbà tí gírìdì wà ní èyí tó kéré jù, àti níbi fáìlì tó ti inú ètò kan bọ́ sínú òmíràn. Fáìlì LEGO Digital Designer, ètò àtijọ́ tí LEGO fúnra rẹ̀ ṣe, ló wọ́pọ̀ jù nínú ti ìkẹyìn yìí. Ilé iṣẹ́ LEGO ra BrickLink, tó ni Studio, lọ́dún 2019, nígbà tó sì di ọdún 2022, Studio ti gba ipò ètò àtijọ́ náà. Torí náà iṣẹ́ ọlọ́pọ̀ ọdún ń bọ̀ láti ibẹ̀ lóòrèkóòrè. Ìwọ̀n tirẹ̀ kì í ṣe LDU, nọ́ńbà sì máa ń ní ìrù lẹ́yìn pọ́ìǹtì bí a bá yí i padà.

Ohun kan ṣì kù lórí èyí. Ẹ̀yà máa ń so mọ́ ara wọn, yíyẹ̀ sì ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Bí ẹ bá tún èyí tó wà lókè ṣe nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì wọ́, ẹ ó tún padà bá ìkọlù náà níwájú. Ẹ tẹ̀ lé nọ́ńbà náà lọ sẹ́yìn títí dé ẹ̀yà àkọ́kọ́ tó ní ìrù, ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìṣirò gan-an kò bá gbà

Bí iye tó wọ inú ara wọn bá jẹ́ 4 tàbí 8, kò sí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ ètò náà. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan ká tú u wò dáadáa.

Ẹ fẹ́ to pẹlẹbẹ ní ìdùbúlẹ̀ ẹ̀gbẹ́, kókó wọn kọjú sí ọ̀tún, sínú àlàfo tó fẹ̀ tó kókó 3. Àlàfo náà jẹ́ LDU 60. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ bíríkì ló mọ̀ pé pẹlẹbẹ 5 lórí ara wọn bá ìbú kókó 2 mu, nítorí 5 lọ́nà 8 jẹ́ 40. Ṣùgbọ́n 60 kò ṣe é pín sí 8. Pẹlẹbẹ 7 jẹ́ 56, pẹlẹbẹ 8 jẹ́ 64. Ẹni tó bá fi 8 sí i, LDU 4 ló máa fi wọ inú ògiri. Ẹni tó bá fi 7 sí i, àlàfo LDU 4 á kù, pẹlẹbẹ náà kò sì ní ohun tó máa dì mú. Bracket ló wà fún irú ibí yìí: ògiri rẹ̀ tó jẹ́ LDU 4 á gbé àwọn pẹlẹbẹ 7 náà dání, á sì kún àlàfo náà. 56 àti 4, 60 pé.

Ẹ tò ó báyìí tán, ó ṣì ń kọ lu ògiri pẹ̀lú LDU 4 míì. Ẹ má gé bracket kúrò o! Kókó orí pẹlẹbẹ tó kẹ́yìn ló ń gún ògiri ọ̀tún. Ẹ fi pẹlẹbẹ tí kò ní kókó rọ́pò rẹ̀. Bí ìkọlù bá tán, kókó náà ló fà á. Bí kò bá tán, ẹ padà sídìí bracket, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjì ló wọ ojú kan. Nọ́ńbà kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń mú jáde, rírọ́pò yìí ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Technic ní tirẹ̀. Ihò rẹ̀ ń tẹ̀ lé ara ní LDU 20 sí 20, ṣùgbọ́n gíga bíríkì jẹ́ 24. Bí ẹ bá to bíríkì Technic méjì lé ara wọn lásán, ihò wọn á jìnnà síra ní 24, ọ̀pá oníhò tí ẹ fẹ́ fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò sì ní bá a mu. Ẹ fi pẹlẹbẹ 2 sáàárín bíríkì méjèèjì: 24 àti 16 jẹ́ 40, ihò méjì géérégé.

Ti igun, ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ wá igun tó ní ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ odidi nọ́ńbà: 3, 4 àti 5, tàbí 5, 12 àti 13. Ibi tí èèyàn ti sábà máa ń ṣìnà ni kíkà. Àlàfo láti àárín ihò kan dé àárín ihò kejì là ń kà, torí náà onígun mẹ́ta 3, 4 àti 5 gba ọ̀pá oníhò 4, oníhò 5 àti oníhò 6. Ẹni tó bá mú oníhò 3, 4 àti 5 ti di onígun 2, 3 àti 4 mú, kò sì ní rí igun dígírì 90 nínú rẹ̀ bó ti wù kó yí híńjì tó.

Jíà náà máa ń kọ lu ara wọn nígbà tí ibi tí wọ́n wà bá tọ̀nà pátápátá. Jíà eléyín 8 àti eléyín 24 gbọ́dọ̀ jìnnà síra ní LDU 40 láti àárín dé àárín. Ẹ wọ̀n ọ́n, ó pé, síbẹ̀ ètò náà ṣì ń kéde ìkọlù. Eyín ló dojú kọ eyín. Ẹ yí ọ̀kan nínú wọn ní ìdajì eyín: dígírì 7.5 fún eléyín 24, dígírì 22.5 fún eléyín 8. Axle rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó gba àárín jíà kọjá, á bá a yí, gbogbo jíà tó bá sì tún wà lórí axle náà á yí pẹ̀lú, ẹ yẹ àwọn náà wò.

Ìkìlọ̀ tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀

Ètò kì í fi bẹ́ẹ̀ wo gbogbo igun àti ibi tó tẹ̀ lára ẹ̀yà. Àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n tò sínú ẹ̀yà ló ń fi ṣírò, àpótí náà sì lè tóbi ju ara ẹ̀yà lọ díẹ̀. Táyà àti ríìmù, họ́ọ̀sì, okùn, aṣọ ọmọláńgidi àti ohunkóhun tó ń tẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá kàn án, ìwọ̀nyí ló ń fa ariwo tí kò nídìí.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ rọrùn. Ẹ ṣí fáìlì tuntun tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀yà méjèèjì nìkan wọ ibẹ̀, ẹ mú wọn láti inú àkójọ, kí ẹ so wọ́n pọ̀ bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá gbà níbẹ̀, inú àwòṣe yín ni ẹ̀bi wà, ẹ padà sókè. Bí wọ́n bá kọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ẹ sì mọ̀ pé àwọn ẹ̀yà gidi máa ń so báyìí, àpótí inú ètò náà ni kò tọ́. Ìgbà yìí nìkan ni mo gbà pé kí èèyàn pa Collision: ẹ pa á, ẹ gbé ẹ̀yà kan náà sípò, ẹ tàn án padà lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yà tí ẹ ṣe fúnra yín ni, ẹ ṣí i nínú Part Designer, irinṣẹ́ Studio tí a fi ń ṣe ẹ̀yà, kí ẹ tún àpótí ìkọlù rẹ̀ tò.

Ohun tí kọ̀ǹpútà gbà tí ọwọ́ kò gbà

Òdìkejì rẹ̀ burú jù, nítorí kò sí ìkìlọ̀ kankan. Àlàfo láàárín kókó méjì jẹ́ 20 tí a yọ 12 nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ 8. Pẹlẹbẹ náà jẹ́ 8. Lórí ìwé, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ há a sáàárín kókó. Lọ́wọ́, ó máa ń fún ike náà, kì í sì í rọrùn láti yọ. Jamie Berard, tó ń ṣe àwòṣe fún LEGO, to irú àwọn ìsopọ̀ báyìí jọ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní BrickFest, ìpàdé àwọn olólùfẹ́ LEGO, lọ́dún 2006, ó sì ṣàlàyé ohun tó mú kí wọ́n máa yẹra fún wọn.

Ẹ̀yà gidi tún kéré díẹ̀ sí ìwọ̀n inú kọ̀ǹpútà: bíríkì oníkókó 2 jẹ́ mìlímítà 15.8 dípò 16, kí àyè lè wà fún un láti wọlé. Nítorí náà, ohun tó bá fi LDU 0.2 wọ inú ara wọn lójú kọ̀ǹpútà lè jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́ nílé. Ẹ má fi èyí ṣe àwáwí fún odidi ògiri o.

Kọ̀ǹpútà kì í sì í béèrè bí ọwọ́ ṣe máa débẹ̀. Ẹ tú àwòṣe náà palẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bíi pé ẹ ń kà á sẹ́yìn, kí ẹ wo bóyá ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ojú ọ̀nà tó lè gbà wọlé. Ẹ̀yà tó jẹ́ pé àfi kó gba inú ògiri kọjá, ẹ yí ìtò rẹ̀ padà.

Bí àwòṣe bá tóbi

Ẹ pín in sí àwòṣe kéékèèké, kí ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò ní òun nìkan pẹ̀lú Collision tó wà ní títàn. Bí fèrèsé kan náà bá fara hàn níbi 12, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan nínú àwòṣe kékeré rẹ̀, gbogbo 12 á tọ́. Ìkọlù tó bá wá kù lẹ́yìn èyí, ojú ààlà ni: kókó orí ilẹ̀ kan tó ń gún ìsàlẹ̀ èyí tó gùn ún, tàbí ẹ̀yà kan tí ẹ ti kà mọ́ apá méjèèjì. Ẹ yàn ibì kan fún ẹ̀yà tó so apá méjì pọ̀, inú àwòṣe ńlá ló dára jù, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú àwọn kéékèèké méjèèjì.